Ẹ Nu Kọ́ọ̀bù Kẹ́ Ẹ Tó Gbé E Kọ́: Omi Ló Ń Pa Ìkọ́ Ife!

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó lápò. Ọ̀rọ̀ ìkọ́ ife ni, ìyẹn ráàkì tí wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì, tí wọ́n ń fi kọ́ọ̀bù kọ́ lára rẹ̀. Láti Èrúwà dé Ìgbò-Ọrà, láti Lánláté dé Ayétẹ̀, ó wúlò fún ẹni tó ń ta tíì àti búrẹ́dì, ó wúlò fún olóúnjẹ, ó sì wúlò fún ìyàwó ilé. Onígi wà, onírin wà, oníke náà wà.

"Kò tíì pé ọdún kan tí mo rà á o! Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi!" Ariwo tí ẹlòmíràn máa ń pa nìyẹn bí ráàkì bá dógùn-ún. Lóòótọ́, ayédèrú ò ṣàì sí lọ́jà. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó tà á kọ́ ló jẹ̀bi, ọjọ́ orí kọ́ sì ni. Omi ni! Kọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí omi ń ro tó-tó-tó lára rẹ̀, ni wọ́n gbé kọ́. Omi ọ̀hún á rọra ṣàn lọ sí ìdí ìkọ́, á dúró síbẹ̀ mọ́jú. Bó bá dọ̀la, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ráàkì wo ni kò ní kú?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kọ́ọ̀bù tánganran kan lè wọ̀n tó gíráàmù 350. Bí mẹ́fà bá wà lórí ìkọ́, ó ti lé ní kílò 2. Ká ní ìpáàrà ti jẹ ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀. Ká ní ó wá já láàárọ̀, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Adeseun Ogundoyin Polytechnic ní Èrúwà jókòó, tí wọ́n ń dúró de tíì. Kọ́ọ̀bù mẹ́fà fọ́, ohun tó wà lórí tábìlì dànù, omi gbígbóná sì lè dà sí ọmọ ọlọ́mọ lára. Èrè ọjọ́ mélòó ló lọ yẹn? Ẹni tí omi gbígbóná bó ńkọ́?

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ irin ṣe rí. Irin kì í ṣàdédé dógùn-ún. Ó di ìgbà tí omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ṣeé lé, omi ló ṣeé nù. Iyọ̀ máa ń mú un yá sí i. Omi Jik tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun náà máa ń jẹ irin, ẹ má fi fọ ráàkì. Ẹ má sì fi kànìnkànìn onírin ha á, nítorí ó máa ń bó ọ̀dà ara rẹ̀.

Ráàkì onírin tí wọ́n fi ike bò máa ń tan èèyàn jẹ. Bí ike bá là lórí ìkọ́, omi á gba ibẹ̀ wọlé, ìpáàrà á máa jẹ irin lábẹ́lẹ̀, ojú ò ní rí i. Ẹ máa fọwọ́ tẹ orí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá ti ń mì, ẹ má gbé kọ́ọ̀bù kọ́ ọ mọ́. Ní ti ráàkì oníke, oòrùn lọ̀tá tirẹ̀. Bó bá pẹ́ nínú oòrùn, á gbẹ, á sì kán pàkà.

Bí ìpáàrà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ fi osàn wẹ́wẹ́ àti sáńpépà ha á kúrò, kẹ́ ẹ fi omi ṣàn án, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ́kọ́ kun rẹ́ẹ̀dì ọ́sáìdì, kó jẹ́ kó gbẹ, kó tó kun ọ̀dà lé e. Àmọ́ ibi tí inú kọ́ọ̀bù bá ti ń fara kan ìkọ́, ẹ má jẹ́ kó kun ọ̀dà síbẹ̀ rárá. Ẹ má sì ha ọ̀dà àtijọ́ nítòsí oúnjẹ, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ra onígi, kó bi káfíńtà pé, "Igi wo lẹ fi ṣe é?" Ìrókò àti tíìkì le, kòkòrò kì í tètè rí wọn jẹ. Àfárá fúyẹ́, owó rẹ̀ sì lè rọrùn, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Igi yòówù kó jẹ́, bí òjò bá dé, á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á sún kì, ìkọ́ rẹ̀ á sì máa yọ. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi gọ́ọ̀mù dè é padà kó tó bọ́. Ẹ má rẹ onígi sínú omi, ẹ má sì sá a sí oòrùn gangan, nítorí á là.

Àwọn kan máa ń fi òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa pa igi kó lè dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, á máa rùn, á sì máa pe èèrà. Ìda oyin díẹ̀ lórí aṣọ gbígbẹ tó. Ẹ fà tábìlì kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ lè tètè rí ipa ikán.

Ti aáyán ló burú jù. Ẹlòmíràn á gbé Sniper, á fọ́n ọn sí ráàkì tí wọ́n ń kọ́ ife sí! Oògùn olóró nìyẹn, kì í ṣe ohun tó yẹ kó súnmọ́ ibi tí ẹnu ń kàn. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, oní-mílílítà 100. Ọṣẹ, omi gbígbóná, àti tábìlì tí kò ní èérún búrẹ́dì lálẹ́ ni kẹ́ ẹ fi lé aáyán.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣé nítorí aṣọ ìnukọ́ọ̀bù lẹ ṣe ń pariwo tó báyìí?" Ará Ìbàràpá kọ́ ló yẹ kó bèèrè ìyẹn. Ṣebí sòbìà da Ìdèrè láàmú láàárín ọdún 1970 sí 1990? Inú omi adágún ló ti ń wá. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu wà lára ohun tí wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Aṣọ péńpé, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ló bá wọn ṣe iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyá àgbà pàápàá mọ̀ ọ́n. Wọn ò ní ráàkì, ṣùgbọ́n wọ́n ní àjà lókè ààrò. Ooru àti èéfín iná ló ń mú kí nǹkan gbẹ níbẹ̀, tí kòkòrò fi ń sá. Ẹni tí kò ní àjà mọ́, aṣọ gbígbẹ ni àjà tirẹ̀.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe. Lójoojúmọ́, ẹ da kọ́ọ̀bù dé kí omi rẹ̀ ro tán, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún, kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́. Aṣọ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń nu tábìlì. Ẹ pín kọ́ọ̀bù sọ́tùn-ún sósì, kí ráàkì má baà dojú dé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kó gbogbo kọ́ọ̀bù kúrò, ẹ fọ ráàkì, ẹ nù ún dé ìdí. Ẹ gé rọ́bà sìlípáàsì tó ti gbó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má baà máa jókòó sínú omi. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọyẹ́ tí ojú ọjọ́ gbẹ, ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀, ẹ kùn ún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bó bá pè é ní ìkólẹ̀, wọ́n á bá a fi kólẹ̀. Kọ́ọ̀bù yín àti ohun tẹ́ ẹ fi ń gbé e kọ́, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un kí oníbàárà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjà á tà o.