Bí àyẹ̀wò kò bá rí nǹkan, kò sọ ìrora di irọ́

"Ara yín le, a ò rí nǹkan kan." Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn fibromyalgia máa ń gbọ́ nìyẹn lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti X-ray. Síbẹ̀, gbogbo ara ló ń ro wọ́n, oorun kì í tó wọn, àárẹ̀ kì í sì í lọ.

Bí ọpọlọ ṣe ń gba ìrora sára ló yí padà nínú àìsàn yìí, X-ray kò sì lè rí ìyẹn. Ìrora tó ti tó oṣù 3 ni dókítà máa ń béèrè nípa rẹ̀. Lọ́dún 2017, olórin Amẹ́ríkà, Lady Gaga, sọ fáyé pé òun ní i.

Ní Nàìjíríà, kíá la máa ń pè é ní ibà tàbí ọ̀lẹ. Aláìsàn á gba kẹ́míìsì lọ, á máa lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́, èyí tó lè dá ọgbẹ́ sínú, tó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, àmọ́ eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀ àti ìtọ́jú dókítà máa ń dín in kù. Ẹ̀yin dókítà, ẹ má dúró síbi "a ò rí nǹkan kan." Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà wọ́n gbọ́.