Àsè ìgbéyàwó létí òkun Ìlàjẹ: Ẹja wà nílẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ ìrẹsì là ń torí ẹ̀ jẹ gbèsè?

Ìnáwó ni Yorùbá ń pe àríyá. Orúkọ yẹn ò fi nǹkan kan pa mọ́: owó ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 tí ọjà ti gbẹ́nu sókè, ìgbéyàwó ní àwọn abúlé orí omi Ìlàjẹ ti fẹ́ di ìnáwó tí tọkọtaya tuntun ń fi gbèsè ṣe. Bí ẹ bá wo ìṣirò ẹ̀ dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe aṣọ ìyàwó tàbí ẹrù ìdána ló ń gba owó jù. Oúnjẹ àlejò ni.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Kí ló sọ oúnjẹ àsè di ẹrù wúwo tó báyìí, níbi tí omi fúnra rẹ̀ ti ń bọ́ ènìyàn? Kí sì ni ìdílé tí kò lówó púpọ̀ lè ṣe kí ọjọ́ ayọ̀ má baà bí oṣù méjìlá ìbànújẹ́?

Báwo ni ọjà ṣe dé ibi tó dé yìí?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ní ilé epo NNPC tẹ́lẹ̀ ti di 617 náírà l'Ábújá nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún yẹn. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà. Láàárín kan náà, ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, dọ́là sì gòkè, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá sì bá a gòkè.

Àjọ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí, NBS, sọ pé ní oṣù Kẹfà 2024, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú 100 gòkè ju bó ṣe wà ní ọdún kan ṣáájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àjọ náà yí ọdún tó fi ń ṣèṣirò padà, ìdá náà sì wálẹ̀ sí 26.08 fún oṣù Kìíní. Àwọn kan gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní ọjà ti rọ̀. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa: ìdá tó wálẹ̀ kò sọ pé owó ọjà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé owó ọjà ṣì ń gòkè, àmọ́ kò sáré tó ti tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù Keje 2024, Ààrẹ buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Ìyẹn fún ẹni tó ń gbowó oṣù o. Apẹja àti ìyá tó ń yan ẹja kì í gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí omi bá fún wọn lónìí ni wọ́n ní.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àpò ìrẹsì kan

Iyanrìn àti irà tó wà létí òkun wa kì í mú ìrẹsì jáde. Àpò ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ní Àwoyè tàbí ní Ayétòrò máa gba orí títì wá sí Òkìtìpupa, kó tó dé Igbókòdá. Níbẹ̀, aláàárù máa gbé e dé èbúté, wọ́n á gbowó. Ó máa wọ ọkọ̀ ojú omi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu bẹntiróòlù, wọ́n á gbowó. Tó bá gúnlẹ̀ ní abúlé, ẹlòmíì máa gbé e dé ilé, òun náà á gbowó. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí epo bá wọ́n, a ń san owó epo náà lórí oúnjẹ yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kì í ṣe ìrẹsì nìkan o. Adìyẹ inú yìnyín, epo ìdáná, tòmátò, mínírà, àti omi inú ọ̀rá pàápàá, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Omi yí wa ká lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n nítorí iyọ̀ òkun, mímu ló kù. Tí ẹran tútù bá sì dé tán, iná wo ni wọ́n máa fi tọ́jú ẹ̀? Fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ọ̀pọ̀ ìlú ní Gúúsù Oǹdó wà láìrí iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ lọ̀rọ̀ kàn, epo náà nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ wo apá kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà tí ìrẹsì àti adìyẹ ń bọ̀ láti Igbókòdá, ẹja àti edé wa wà nínú ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Igbókòdá, níbi tí àwọn oníṣòwò láti ìlú ńláńlá ti ń dúró dè wọ́n. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì pàdé lórí omi. A ta tiwa ní owó apẹja, a sì ra tàwọn ẹlòmíì ní owó ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀. Ibí yìí gan-an ni ìnáwó wa ti ń jò.

Mi ò sọ pé ẹja kì í ṣe owó o. Ẹja tí wọ́n sè fún àlejò, ẹja tí wọn ì bá tà ni. Àwọn apẹja náà ń ra epo sí ẹ́ńjìnnì wọn. Ṣùgbọ́n ẹja tí a jẹ létí omi tí wọ́n ti pa á kò tíì gun ọkọ̀, kò tíì kọjá lọ́wọ́ alágbàtà, kò sì nílò yìnyín bí wọ́n bá sè é lọ́jọ́ yẹn tàbí tí wọ́n yan án sílẹ̀ ṣáájú.

Kí ló ń dí wa lọ́wọ́?

Kì í ṣe adùn. Ta ni kò mọ adùn ọbẹ̀ màrúgbó, tàbí ọbẹ̀ ata ẹja tútù tí edé pọ̀ nínú ẹ̀? Ta ni kò mọ púpurù? Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n mọ róbótó róbótó, tí wọ́n sì fi èéfín iná gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á ha èyí tó dúdú lára ẹ̀ kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á rò ó nínú omi gbígbóná. Ó lè pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́. Fún ẹni tó fẹ́ ra nǹkan àsè díẹ̀díẹ̀ láti oṣù méjì ṣáájú, oúnjẹ wo ló tún dáa ju ìyẹn lọ?

Ìtìjú ló ń dí wa lọ́wọ́. Wọ́n ti gbà wá gbọ́ pé àsè tí kò ní ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ, àsè òtòṣì ni. "Kí làwọn àna máa wí?" Ìbéèrè yẹn ló ń mú kí ẹlòmíì gba owó èlé, tàbí kó kó àjọ tó yẹ kó fi ra àwọ̀n, tàbí kó ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì torí àsè ọjọ́ kan, kí ni yóò fi bọ́ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé? Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọn ò sọ pé kí eku má ní ìtẹ́ o. Kó ṣe ìtẹ́ tó bá a mu ni.

Ó sì ti ṣojú wa rí. Ní ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba fi gbèdéke sí iye ènìyàn tó lè pé jọ, nígbà mìíràn 50 péré. Àwọn ènìyàn ṣì gbéyàwó. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìgbéyàwó ọdún yẹn kì í ṣe ìgbéyàwó. Gbogbo wa ní àwáwí kan náà ni kò jẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tiẹ̀ sọ ọ́ dòfin. Ní 2007, Tajikistan ṣe òfin tó dín iye àlejò ìgbéyàwó kù sí 150, nítorí àwọn ìdílé ń torí àsè wọ gbèsè. Ní ìpínlẹ̀ Punjab ní Pakistan, òfin ọdún 2016 sọ pé oríṣi ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni kí wọ́n gbé fún àlejò níbi ìgbéyàwó. Mi ò rò pé ọlọ́pàá ló yẹ kó wá ka ìkòkò wa fún wa. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí òfin wọ̀nyẹn ṣe kedere: ó ṣòro kí ìdílé kan ṣoṣo dín àsè kù, torí gbogbo ojú máa wà lára wọn. Tí gbogbo ìlú bá jọ fẹnu kò, ìtìjú ti lọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn ìjọ àti àwọn baálẹ̀ wa lè ṣe é láìsí òfin kankan.

Báwo ni ẹ ṣe lè ṣètò ẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ka orí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ fẹ́ sè, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tó wà lọ́wọ́. Bí 300,000 náírà bá wà fún oúnjẹ, tí ẹ sì ń retí ènìyàn 150, 2,000 náírà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pe 300, ó di 1,000. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn mo-gbọ́-mo-yà, wọn ò ní ṣàì wá.

Ẹ jẹ́ kí ìrẹsì jẹ́ àfikún, kó má jẹ́ òun ni ọ̀gá. Bí ẹni 300 bá jẹ ìrẹsì yó, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 125 kó tó jinná, kílò 37 àbọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni 150 bá jẹ gíráàmù 100 lẹ́gbẹ̀ẹ́ púpurù àti ọbẹ̀, kílò 15 péré ni. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àpò kílò 50. Àna rí ìrẹsì, apò yín sì sinmi.

Ẹ bá apẹja sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí wọ́n bá gé kílò ẹja kan sí ọ̀nà mẹ́fà, kílò 25 kárí ènìyàn 150. Ẹ má fi gbogbo ìrètí sórí ẹja tútù, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òkun máa ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ ra ẹja yíyan àti edé gbígbẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹja tútù wá jẹ́ èrè.

Ẹ gba ìkòkò, ẹ má gba owó nìkan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Dípò kí ìdílé kan gba alásè sí gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìdílé ìyàwó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan, ìdílé ọkọ gbé ìkejì, kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin rò púpurù, kí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ gbé omi àti mínírà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló ń gbé kí ni, torí ìlérí ẹnu lásán ló ń dójú tini lọ́jọ́ àsè. Ẹni tó bá fẹ́ ran aṣọ ẹbí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi owó yẹn gbé ìkòkò kan.

Ẹ ṣe é lójúmọmọ. Àsè tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tó parí ní aago mẹ́ta, kò nílò jẹnẹrétọ̀ títí di òru, àlejò á sì rí ọkọ̀ wọ padà kí ilẹ̀ tó ṣú lórí omi.

Ẹ bù ú, ẹ má kó ìkòkò síta. Ẹ yan àwọn ìyá méjì tó lójú àánú ṣùgbọ́n tí ẹnu wọn le, kí wọ́n máa bù ú. Àgbàlagbà àti àwọn àna ni kó kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé.

Ẹ ṣọ́ra fún ikùn àlejò. Omi tí wọ́n máa fi ṣan abọ́ àti èyí tí wọ́n máa fi sè é gbọ́dọ̀ mọ́. Ọbẹ̀ tó bá sun ilẹ̀ mọ́jú, ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó bù ú. Èyí tó bá ti yí òórùn padà, dídànù ló tọ́ sí i.

Kí ló kan ìjọba nínú ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àsè kékeré yìí ń fi ìṣòro ńlá hàn. Bí omi tó ṣeé mu bá wà ní abúlé, a ò ní fi ọkọ̀ gbé omi kọjá omi. Bí iná bá wà, ẹja tí apẹja pa ní ọjọ́ Ajé lè dúró de àsè ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, tí wọ́n ti jọ ní ohun gbogbo nígbà kan rí, òkun ń gba ilé àti ilẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Ibi tí wọn yóò na kánópì sí pàápàá ń dín kù. Gómìnà Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Ọbẹ̀-Ńlá ní Ìlàjẹ níbí ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún un bí owó ọkọ̀ láti Igbókòdá ṣe rí. Iná, omi àti òkun Ayétòrò ni àwọn ará ilé ẹ̀ máa fi wọn iṣẹ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó dé, ìgbéyàwó ń lọ. Àlejò tó jẹ púpurù àti ọbẹ̀ ẹja tó gbóná, tó rí omi mu, tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún, kò ní ẹ̀sùn kankan láti fi kan ẹnikẹ́ni. Bí ó bá tiẹ̀ ráhùn, ráhùnráhùn kò ní bá yín san gbèsè. Tọkọtaya tí ẹ́ńjìnnì wọn ṣì wà lórí ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí wọ́n lè jí lọ sójú omi láìsí olówó èlé lẹ́nu ọ̀nà, àwọn lẹ̀ ń pè ní ẹni tó ṣe ìgbéyàwó.