Ẹ Jẹ́ Ká Fi Fóònù Wa Polówó Ọjà Àwọn Òbí Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lára ògiri yìí lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa sì ni. Púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ ọmọ oníṣòwò tàbí ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́. Ìyá ẹnì kan ń ta adìrẹ, ti ẹlòmíràn ń ta èlùbọ́. Bàbá ẹnì kan ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ti ẹlòmíràn jẹ́ káfíńtà. Inú owó yẹn ni wọ́n ti ń san owó ilé-ìwé wa. Síbẹ̀, tí ẹ bá wá ṣọ́ọ̀bù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní rí i. Àwòrán tiwa lẹ máa rí: èmi rèé nínú aṣọ ọjọ́ ìbí, ìwọ rèé níbi tí o ti ń jó.

Èrò tèmi ni pé, ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì tíì fi ṣọ́ọ̀bù òbí rẹ̀ hàn níbẹ̀, ó kù díẹ̀ káàtó fún un. Mi ò ní kó sọ òbí rẹ̀ di olókìkí o. Kí ẹni tó ń wá ọjà náà lè rí i, kó mọ ọ̀nà ibẹ̀, kó sì mọ iye tó máa mú dání, ìyẹn ni mo ń sọ.

Ìpolówó kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹ ṣáà máa ń gbọ́ ohùn ìyá tó ń kiri mọ́ínmọ́ín kọjá níwájú ilé-ìwé wa láàárọ̀. Ó ń pariwo ohun tó ń tà, ó ń sọ pé ó gbóná, ohùn rẹ̀ sì ń jẹ́ ká mọ ibi tó dé. Tí ẹ bá pè é, kíá ló máa sọ iye rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta náà pé: kí ni, níbo ni, èló ni. Ẹ wá lọ wo bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń polówó lórí Instagram. Àwòrán rèǹtèrente, orin lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà "DM for price." Níbo ni ṣọ́ọ̀bù wà? Wọn ò kọ ọ́. Èló ni? Ẹ wá bi mí ní kọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá oní-mọ́ínmọ́ín ń ṣe, mọ́ínmọ́ín rẹ̀ á ti kan kó tó délé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìyá mi ṣe àpẹẹrẹ. Adìrẹ ni wọ́n ń tà lọ́jà Ìtòkú, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Àwọn àlejò tó wá gun Òkè Olúmọ sábà máa ń fẹ́ ra aṣọ kí wọ́n tó padà sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀, ọlọ́kadà ni wọ́n máa ń bi léèrè. Nísinsìnyí, fóònù ni wọ́n ń bi. Wọ́n á tẹ "adire Abeokuta", fóònù á sì dárúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó bá mọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ńkọ́? Wọ́n jókòó ti àtẹ wọn, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Kì í ṣe pé aṣọ wọn ò dáa. Orúkọ wọn ni kò sí níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Google Business Profile. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa nílò email, ẹ máa kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, irú ọjà tí ẹ ń tà, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ àti aago tí ẹ ń ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ óò fi ìka tọ́ka sí ibi tó wà gan-an lórí máàpù. Google á wá fẹ́ mọ̀ dájú pé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù náà lóòótọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kí ẹ ya fídíò àdúgbò, pátákó àti inú ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wa?"

Mo ní, "Màámi, wọn ò gba kọ́bọ̀."

Wọ́n ní, "Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ohun ọ̀fẹ́ máa ń nídìí o."

Mi ò bá wọn jiyàn, torí wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń fura. Àwọn kan ń kiri ọjà, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá wa pé àwọn fẹ́ san án fún Google. Ẹni tó bá bá èèyàn ṣiṣẹ́ lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n kó pè é ní owó iṣẹ́, kó má pè é ní owó Google. Email oníṣọ́ọ̀bù ni kó sì lò, kó má lo tirẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n bá jà, ẹni tó ni email ni gbogbo ẹ̀ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìṣòro kejì ni àdírẹ́sì. Ìsọ̀ ìyá mi ò ní nọ́ńbà, bí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ọjà. Ṣùgbọ́n máàpù Google ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Plus Code, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ tó dúró fún ibì kan pàtó. Kódà ibi tí kò ní nọ́ńbà ilé ní tirẹ̀. A mú tiwa, mo sì kọ ọ́ pa mọ́ láti máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ń bọ̀. A tún kọ ọ̀nà ibẹ̀ bí a ṣe máa ń júwe rẹ̀ lẹ́nu: ibi tí ẹ óò ti sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ tí ẹ óò yà sí, àti àwọ̀ agbòòrùn tó wà níwájú ìsọ̀. Ìyá mi ló ní ká fi ti agbòòrùn sí i, òun gan-an ló sì ń ran àwọn àlejò lọ́wọ́ jù.

Kò sọ wá di olówó o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, àwọn tí a ò mọ̀ rí ń pè wá, wọ́n ń ní, "Mo rí yín lórí máàpù, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Obìnrin kan wá láti Ìbàdàn, ó ra aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìnáwó. Owó yẹn ló jẹ́ kí owó WAEC ẹ̀gbọ́n mi tètè pé.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa ní òun ò nílò máàpù, òun ń gbé ọjà ìyá òun sórí WhatsApp status lójoojúmọ́. Ó káre. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra. Status kì í lò ju wákàtí 24 lọ. Ẹni tí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, tí òun náà sì ti fi nọ́ńbà yín pa mọ́, ló ń rí i. Oníbàárà àtijọ́ nìyẹn. Máàpù wà fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí. Bákan náà ni Jiji, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2014, níbi tí èèyàn ti lè wá ọjà ní ìpínlẹ̀ àti ìlú tó wà. Bàbá káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì tán tó gbé e síta, Jiji lè wúlò fún wọn ju Instagram lọ. Fún àwọn tó ń lo WhatsApp, WhatsApp Business tó jáde lọ́dún 2018 dáa ju èyí tí a ń lò nílé lọ. Ó ní ibi tí ẹ lè to ọjà yín sí pẹ̀lú àwòrán àti iye rẹ̀, kì í sì í parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24.

Ọ̀rọ̀ iye owó yìí ló fa àríyànjiyàn jù láàárín èmi àti ìyá mi. Wọ́n ní, "Tí mo bá kọ iye, gbogbo ọjà á mọ̀. Báwo la ṣe fẹ́ wá ná an?" Òótọ́ ni, ọjà Yorùbá, ọjà nínáná ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Èkó kò lè dúró níwájú yín kó máa ná ọjà kó tó mọ̀ bóyá agbára òun ká a. Tí kò bá rí iye, á kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ibi tí a wá parí ẹ̀ sí ni pé a kọ "yáàdì márùn-ún, láti ₦9,000 lọ sókè." Ẹni tó bá dé ọjà ṣì lè ná an. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a kò ní dààmú wa, àwa náà ò sì ní dààmú rẹ̀.

Ohun kan wà tó ga ju gbogbo ìyẹn lọ: òótọ́. Ẹ má gbé àwòrán ọjà ọlọ́jà kí ẹ pè é ní tiyín. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tó kàn jọ adìrẹ lójú, ti kún ọjà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti tà á, ṣùgbọ́n ẹ pè é lórúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá pè é ní adìrẹ àfọwọ́ṣe, ìyá tó jókòó di aṣọ, tó rẹ ẹ́ sínú aró, tó sá a, òun lẹ ń jà lólè. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni kí ẹ fi ya aṣọ, kí àwọ̀ tí oníbàárà rí lórí fóònù bá èyí tó máa gbà lọ́wọ́ mu. Ẹ má sì lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ yín jọ kí wọ́n máa kọ pé àwọn ra ohun tí wọn ò rà. Google kọ irú ẹ̀, ó sì lè yọ ọ́ kúrò.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa kan á ní, "Ẹ ti tún fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn mú fóònù wọ kíláàsì." Rárá o, sà. Rárá o, mà. Òfin ilé-ìwé wa lórí fóònù dáa, ibẹ̀ ni kó wà. Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé àti ti ọlidé ni mò ń sọ. Àwọn mìíràn á ní ewu gbájúẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wà lóòótọ́, torí náà ká mọ ohun tí a ń ṣe. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ni ká kọ, ká má kọ àdírẹ́sì ilé. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti sanwó, ẹ má fi àwòrán tó fi ránṣẹ́ ṣe ẹ̀rí, ẹ má sì gba alert nìkan gbọ́. Ẹ wo inú àkáǹtì gan-an kí ọjà tó kúrò nílẹ̀.

Àwọn mìíràn á sì ní, "Ṣé ó ṣeé gbára lé?" Ojú kan ṣoṣo ò ṣeé gbára lé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Nàìjíríà dá Twitter dúró láti oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ẹni tó jẹ́ orí Twitter nìkan ni ọjà rẹ̀ wà, báwo ló ṣe máa jẹun fún oṣù méje? Nítorí náà, ká wà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, ká sì kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà sínú ìwé. Ìwé kì í nílò dátà.

Àbá mi rèé. Ní ọlidé tó ń bọ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn kọ̀ọ̀kan mú ṣọ́ọ̀bù kan, ti òbí rẹ̀ tàbí ti ẹnì kan lágbègbè ilé-ìwé wa. Kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí ó jókòó tì í, kí wọ́n jọ ṣe é pẹ̀lú email rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, ká kí i, ká sì máa lọ. Tí a bá wọlé padà, ká kọ ohun tí a rí sára ògiri yìí, èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Mo sì bẹ àwọn olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ òwò kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn òbí wa ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí dalẹ́. Iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ yìí, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa tí a gbọ́ èdè fóònù, ẹ jẹ́ ká bá wọn sọ̀rọ̀.

— Ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, SS2