Kí ni àlejò Ọ̀tà ń mú lọ sílé?

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ti àjò dé kì í wọlé lọ́wọ́ òfo. Kó tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé á ti máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè má béèrè lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun náà ń retí. Ohun tó sọ àwọn ìlú kan di olókìkí lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹni tó bá gba Ìkirè kọjá á ra dòdò Ìkirè. Ẹni tó dé Ìṣẹ́yìn á wá aṣọ òkè, ẹni tó lọ sí Abẹ́òkúta á yà sí Ìtòkú láti ra àdìrẹ, ẹni tó sì ti Ìjẹ̀bú bọ̀ á gbé gààrí sẹ́yìn mọ́tò. Ìrẹsì Ọ̀fadà pàápàá, orúkọ ìlú ló ń jẹ́ kiri.

Ọ̀tà ńkọ́?

Kì í ṣe pé àlejò kò wá síbẹ̀. Ọdún 1999 ni ìjọ Living Faith, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Winners, ṣí Faith Tabernacle ní Canaanland, ilé ìjọsìn tí ìjókòó inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Oṣù Kejìlá ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àpéjọ Shiloh níbẹ̀, tí èrò ń wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Covenant University tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002 wà nínú ọgbà kan náà, àwọn òbí sì ń wá wo ọmọ wọn. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba Sango kọjá, ọ̀nà tó lọ sí ibodè Ìdírókò gba àárín ìlú. Ká má tíì sọ ti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ti ìlú òyìnbó wá wo ẹ̀rọ wọn.

Kí wá ni gbogbo èrò yìí ń rà? Búrẹ́dì ni, omi inú ọ̀rá, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, bàtà tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà. Kò sí ohun tó burú nínú òwò wọ̀nyí, àwọn ìyá tó ń tà wọ́n fi ń tọ́ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá dé Accra tàbí Port Harcourt, tó tú àpò rẹ̀, kò sí ohun kan níbẹ̀ tí yóò sọ pé Ọ̀tà lòun ti wá.

Èyí tó dunni jù ni pé ìlú náà kò ṣàì ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀tà àwọn Àwórì wà lára àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn agbẹ́gilére rẹ̀ sì lókìkí láti ayé àwọn baba ńlá. Lọ́dún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àṣà tó yẹ kí aráyé pa mọ́, tó jẹ́ ti Nàìjíríà, Benin àti Tógò pọ̀. Wọ́n sì tún kọ ọ́ sínú ìwé wọn lọ́dún 2008. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Yorùbá wà ní British Museum ní London, tí èrò ń wọ́ lọ wò ó. Àlejò tó sùn sí Ọ̀tà ní ọjọ́ márùn-ún lè padà sílé láìrí ẹyọ kan. Ọmọ tí ì bá sì kọ́ṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ baba rẹ̀ ń bá wọn di páálí ní ilé-iṣẹ́, torí pé owó iṣẹ́ ibẹ̀ dájú ju ti ère tí kò sẹ́ni tó ń rà á.

Àwọn kan á sọ pé ẹni tó wá gbàdúrà kò ní ra ère. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn jà lórí ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère náà ló ń gbẹ́ àpótí ìjókòó, òòyà, ṣíbí onígi àti ọpọ́n ayò. Ta ni yóò pe ọpọ́n ayò ní òrìṣà? Pásítọ̀ àti àlùfáà lè jọ ta á nírọ̀lẹ́.

Àwọn ará Jàpáánì mọ ọ̀nà yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Omiyage ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn tí arìnrìn-àjò ń rà bọ̀ wálé fún ará ilé àti ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí Kyoto á ra yatsuhashi, ìpápánu tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe. Wọ́n ń tà á ní ibùdókọ̀ ojú irin, nínú páálí tó rẹwà, kó má baà ṣòro fún ẹni tó ń kánjú. Iye owó wà lára ọjà. Bí àlejò ṣe rí kọ́ ni wọ́n fi ń dá iye lé e.

Wọn kò sì fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún ayédèrú. Lọ́dún 1974 ni wọ́n ṣe òfin kan tó dáàbò bo iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ti tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó sì yege àyẹ̀wò, ni wọ́n ń lẹ àmì ìjọba mọ́. Ẹni tó bá mọ bí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde nílẹ̀ òkèèrè ṣe ń du ọjà mọ́ aláró lọ́wọ́, tí wọ́n tún ń pè é ní àdìrẹ, á mọ̀ pé àmì bẹ́ẹ̀ ì bá wúlò fún wa gan-an.

Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà kò nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ìsọ̀ bí ogún sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìdírókò, kí wọ́n fi ṣe ti oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan, kí ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́gi fúnra wọn máa yẹ ọjà wò, kí wọ́n sì fi irin gbígbóná tẹ orúkọ ìlú sí ìdí rẹ̀. Kí wọ́n kọ iye owó síta. Àṣà kí a wo nọ́ńbà mọ́tò tàbí kí a gbọ́ èdè oníbàárà ká tó dá iye ló ń lé àlejò sá, kì í padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan wà tí olùtajà gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń lọ sókè òkun. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni kó ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ère tuntun kì í ṣe ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú lè má mọ ìyàtọ̀. Rìsíìtì tó sọ ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ àti orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ á gba oníbàárà lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀, kó tó lọ gba ìwé lọ́dọ̀ àjọ náà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ tajà fún èrò Shiloh kò gbọ́dọ̀ dúró di oṣù Kejìlá. Igi tútù tí wọ́n bá sáré gbẹ́ máa ń là bó bá gbẹ, àlejò tí ọpọ́n ayò rẹ̀ bá sì là sí méjì ní Accra yóò ròyìn Ọ̀tà fún gbogbo àdúgbò.