Àyẹ̀wò Kì í Ṣe Èèwọ̀: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn tí Ń Fi Orúkọ Ifá Dá Aláìsàn Dúró Nílé

Mo júbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣáájú wa nídìí ọpọ́n. Mo sì tọrọ ìyọ̀ǹda yín kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yóò ta àwọn kan nínú wa lára.

Láti ìgbà díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa. A ń gbọ́ ọ nínú ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní agbẹnusọ Ìṣẹ̀ṣe. Wọ́n ní ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ifá kò ní ohun tí ó ń wá lọ sí ilé ìwòsàn láti yẹ ara rẹ̀ wò nítorí jẹjẹrẹ. Wọ́n ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń pe àrùn wá sílé ni. Wọ́n ní àrùn òyìnbó ni, àti pé bí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ńṣe ni yóò tàn ká gbogbo ara. Irọ́ ni. Irọ́ tí ó ń gbẹ̀mí ènìyàn ni, orúkọ Ifá ni wọ́n sì fi ń pa á.

Iṣẹ́ ìmọ̀ èdè ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá tọ babaláwo wá, tí ó sọ ìdààmú ọkàn rẹ̀ fún owó, tí babaláwo sì gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀, kí ni a ń sọ pé babaláwo ń ṣe? A ní ó ń ṣe àyẹ̀wò. Bí nọ́ọ̀sì bá gba ẹ̀jẹ̀ lápá aboyún, kí ni a ń sọ pé ó ń ṣe? Àyẹ̀wò náà ni. Èdè wa kò wá orúkọ mìíràn fún èkejì, nítorí pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì jọra: wọ́n ń wá ohun tí ojú lásán kò tíì rí, kí ó tó di ohun tí gbogbo àdúgbò yóò rí. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀kan di mímọ́, tí ó sọ èkejì di èèwọ̀, òun ni ó mú àjèjì wọ inú èdè àti ẹ̀sìn wa.

Ìgbà wo sì ni Ìṣẹ̀ṣe ní kí a máa ṣe àyẹ̀wò? Ṣé ìgbà tí ilé bá ti jó tán ni? Bí a bá bí ọmọ, a kì í dúró kí ó dùbúlẹ̀ àìsàn kí a tó dá Ifá àkọsẹ̀jayé rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ Ifá bá pé, a ń bèèrè bí ọjọ́ ti rí nígbà tí orí kò fọ́ wa, tí inú kò run wá. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dá Ifá ọrọọrún. Ẹni tí ó ń dá Ifá ọrọọrún, tí ó wá ń dí obìnrin ẹni ogójì ọdún lọ́wọ́ àyẹ̀wò tí kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún mélòó kan, kò tíì mọ ìdí tí òun fi ń gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni yóò fi òtítọ́ yìí hàn jù. Kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní HPV ló wà nídìí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ. Harald zur Hausen, onímọ̀ ará Jámánì, ni ó fi ẹ̀rí èyí hàn, tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Kòkòrò yìí kì í sọ ara di jẹjẹrẹ lọ́sàn-án kan òru kan. Nínú obìnrin tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ pé, ó sábà máa ń gbà tó ọdún 15 sí 20. Ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ Ifá tí ó wà nínú ọdún 15! Ní gbogbo àkókò yẹn, olùtọ́jú lè fi òwú tí a rẹ sínú omi kíkan bíi fínígà kan ibẹ̀. Ojú ibi tí ó ti ń bàjẹ́ yóò funfun, wọn yóò sì fi òtútù tàbí ooru pa á run kí ó tó di jẹjẹrẹ rárá. Àfojúsùn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí obìnrin 70 nínú 100 ti ṣe àyẹ̀wò tí ó péye kí wọ́n tó pé ọdún 35, kí wọ́n sì tún ṣe é kí wọ́n tó pé 45. Fún àwọn ọmọbìnrin wa tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 9 sí 14, Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV láti oṣù kẹwàá 2023. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ta ni kò mọ òwe yìí nínú wa?

Àwọn tí wọ́n ní abẹ ni ó ń tan jẹjẹrẹ ká, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Obìnrin tí kókó sọ sí lọ́mú, tí ẹ fi àgbo dá dúró fún oṣù mẹ́wàá, tí kókó náà bẹ́ di egbò kí ó tó rí dókítà, ṣé abẹ ni ó tan tirẹ̀ ká? Àrùn náà ti tàn kí abẹ tó dé, ṣùgbọ́n abẹ ni ẹ dá lẹ́bi. Ìwádìí kan wáyé láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 36 péré nínú 100 ni ó kù láàyè nínú àwọn ti Nàìjíríà. Nínú àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Namibia, 90 ni. Àwọn olùwádìí náà sọ pé títètè mọ àrùn àti ìtọ́jú tí ó péye ì bá ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Ibí ni ẹnìkan yóò ti dáhùn pé àyànmọ́ kò gbóògùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń rúbọ fún? Kí ni a ń bọ orí fún? Ṣé Olódùmarè ló yàn án pé kí aláwọ̀ funfun ní Namibia yè, kí ọmọ Nàìjíríà kú? Ìṣẹ̀ṣe kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Orí ni a fi yan ire, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ bá a. Ẹni tí Ifá kì nílọ̀, tí ó jókòó sílé, kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi rẹ̀ ru orí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ohun tí à ń fi sẹ́nu. Kò sí ẹ̀sìn tí èèwọ̀ oúnjẹ yẹ kí ó rọrùn fún ju tiwa lọ. Ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, ẹni tí a tẹ̀ ní Ifá sì mọ ohun tí odù rẹ̀ kọ̀ fún un. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ láti 1988. Lára àwọn jẹjẹrẹ tí a mọ̀ nísinsìnyí pé ó ń fà ni ti ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀, ìfun ńlá àti ọmú. Tábà wà nínú ìsọ̀rí kan náà, ìbáà ṣe sìgá tàbí áásáà tí à ń fín. Síbẹ̀, a ń ta páragà ní ibùdókọ̀, a ń pè é ní oògùn nítorí pé egbò wà nísàlẹ̀ ìgò. Ọtí tí à ń fi bọ òrìṣà, díẹ̀ ni à ń ta sílẹ̀. Òrìṣà wo ló wá ní kí a gbé ìyókù mu tán?

Èmi kò sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso dára fún ìfun, fífún ọmọ lọ́mú pẹ́ sì ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù fún ìyá. Àwọn ìyá wa àgbà ń ṣe é kí ìwádìí tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà àti àgbàdo tí wọ́n bu ní májèlé aflatoxin tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, bí a tilẹ̀ sè é nínú ìkòkò amọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni sísanra jọ̀kọ̀tọ̀, tí a ń kí bí àmì ọlá, ń fi kún ewu oríṣi jẹjẹrẹ tí ó tó mẹ́tàlá.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí, ẹ̀yin oníṣègùn ẹgbẹ́ mi: abẹ gbẹ́rẹ́. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà ran ènìyàn, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè lórí abẹ fún ọjọ́ méje. Bí o bá fi abẹ kan sín gbẹ́rẹ́ fún ọkọ, ìyàwó àti ọmọ, ìwọ tí wọ́n pè láti dáàbò bò wọ́n ni o ṣí ilẹ̀kùn fún ajogun. Abẹ kan, ènìyàn kan: láti òní lọ, kí ó di èèwọ̀ láti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará wa ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ń mú ọkùnrin kan nínú mẹ́jọ níbẹ̀. Nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ má dúró de ìwé ìpè. Bí ẹ bá ti pé ọdún 45, ẹ tọ dókítà yín lọ, ẹ bi í léèrè nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, kí ó ṣàlàyé àǹfààní àti àléébù rẹ̀, nítorí àyẹ̀wò náà lè kìlọ̀ nígbà tí ewu kò sí.

Ẹnìkan yóò ní mo ń fi ewé wọ́lẹ̀. Rárá o. Láti ara òdòdó kan tí ó ti Madagascar wá, tí a sì ń gbìn sí àgbàlá wa, ni wọ́n ti yọ vincristine, oògùn tí a fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá jà. Ọ̀sanyìn kò purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ èròjà náà, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò, wọ́n sì kọ iye ẹni tí ó yè àti iye ẹni tí kò yè sílẹ̀, nítorí pé májèlé ni bí ó bá pọ̀ jù. Ìwọ tí o ní ìgò rẹ ń wo gbogbo jẹjẹrẹ sàn, níbo ni àkọsílẹ̀ tìrẹ wà? Wọ́n ti ń ka jẹjẹrẹ sínú ìwé ní Ìbàdàn láti 1960. Ẹni tí ó ń pè é ní àrùn òyìnbó kò bèèrè nílé.

Ìdákẹ́jẹ́ wa náà sì ń pa wá. Ìwé ìkéde òkú wa kò mọ ju “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́” lọ, àìsàn tí ó jẹ ènìyàn fún ọdún mẹ́ta! Gani Fáwẹ̀hìnmí kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, kí ó tó jáde láyé ní oṣù kẹsàn-án 2009. Àrùn tí a kò dárúkọ, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ̀ pé ó wà nínú ẹbí òun?

Mo mọ àbùkù ilé ìwòsàn wa: owó rẹ̀ wọ́n, ìdaṣẹ́sílẹ̀ pọ̀, ẹnu àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ìjọba ni kí a gbé ìyẹn kò lójú, kí a má fi ẹ̀mí aláìsàn gbẹ̀san. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ni ó ní àyẹ̀wò, àti pé ẹni tí ó pa gbogbo èèwọ̀ mọ́ lè ní in síbẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ bú aláìsàn pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé Ifá kò pọ̀. Kí a pe àwọn nọ́ọ̀sì wá sí àjọ̀dún wa kí wọ́n ṣàlàyé àyẹ̀wò fún àwọn obìnrin wa. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ra abẹ tuntun fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kí a má gba owó olóògùn jẹjẹrẹ láti polówó ọjà rẹ̀ lórí pèpéle wa. Bí odù bá sì ti sọ pé kí a tọ́jú ara, kí babaláwo fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé: “Rú ẹbọ rẹ, lẹ́yìn náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yìí.”

Ire àìkú ni olórí ire. Kí Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, jẹ́ kí a fi etí gbọ́, kí a fi ẹsẹ̀ rìn. A ó gbó, a ó tọ́. Àṣẹ.