Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìdí kí ó tó mọ orúkọ

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọbẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ chimie la bá wá. Bí àwa olùkọ́ bá bi wọ́n pé atọ́ka wo ni kí a kán sínú ásíìdì kí a tó máa fi báàsì pa á, gbogbo wọn á pariwo "phénolphtaléine!" Bí a bá tún ní "èé ṣe?", kẹ́kẹ́ á pa.

Ojú tiwa ni pé kí a kọ́ wọn bí a ṣe ń yan atọ́ka kí wọ́n tó há orúkọ rẹ̀ sórí, kí a sì fi Yorùbá là á yé wọn.

Atọ́ka dà bí ẹni tí a fi sẹ́nu ọ̀nà pé kó ké sí wa bí àlejò bá dé. Bí ó bá ké kí àlejò tó dé, ó tàn wá jẹ nìyẹn. Hélianthine ń kúrò ní pupa bọ́ sí àwọ̀ ìyeyè láàárín pH 3,1 sí 4,4. Bleu de bromothymol ń ti ìyeyè bọ́ sí àwọ̀ aró láàárín 6,0 sí 7,6. Phénolphtaléine tí kò láwọ̀ ń pọ́n láàárín 8,2 sí 10.

Ásíìdì inú vinaigre kò lágbára. Nígbà tí sódà bá pa á tán, pH á ti kọjá 7, á sún mọ́ 9. Phénolphtaléine ló bá a mu. Ká ní mílílítà 10 sódà ló yẹ kó wọlé, tí a wá lo hélianthine, àwọ̀ á ti yí tán nígbà tí sódà kò ju nǹkan bíi 3 lọ. Ẹni tó bá gba àwọ̀ yẹn gbọ́ á ní wọ́n ti bu omi la vinaigre tó dára. Irọ́ ló pa mọ́ ọlọ́jà yẹn. Bó bá sì jẹ́ ammoniaque la fẹ́ fi acide chlorhydrique pa, pH á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 5. Níbẹ̀, phénolphtaléine ni yóò purọ́.

Àwọn kan á ní kò sí yàrá àyẹ̀wò, kò sówó. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìṣápá pupa wà lọ́jà. Bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi rẹ̀, á pọ́n dáadáa. Bí a bá da omi eérú sí i, á bọ́ sí àwọ̀ ewé. Ẹ má fi wọn ìwọ̀n o: díẹ̀díẹ̀ ló ń yí, kò lè fi ẹ̀kán tí ọ̀rọ̀ parí sí hàn wá. Ìyẹn gan-an lẹ̀kọ́ ibẹ̀: ọmọ á fojú ara rẹ̀ rí ìdí tí a fi ń yan.

Àwọn mìíràn á ní Faransé la fi ń ṣe BEPC àti BAC. A ò ní kí wọ́n má kọ Faransé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti yé ọmọ lédè ìyá rẹ̀, á lè fi èdè mìíràn sọ ọ́. Èyí tó há sórí láìyé e, ọjọ́ tí ìbéèrè bá yí díẹ̀ ló ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dárúkọ atọ́ka fún yín, ẹ bi í pé: kí ló dé tó jẹ́ òun? Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí lẹ ń pè é ní kíláàsì tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo wa kọ́gbọ́n.