Ẹni Tó Gbé Ìbọn Wá sí Lókéṣàn Ló Lẹ́jọ́

Ìbọn tòótọ́ kò níṣẹ́ tó ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Mi ò sọ pé kí wọ́n máa rọra lò ó o, mi ò sì sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó má débẹ̀ rárá. Bó bá sì débẹ̀, tó pa èèyàn, pírodúsà tó sanwó iṣẹ́ ọjọ́ náà ni kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ mú, kó tó kan òṣèré tó yìn ín.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn onífíìmù Surulere ní Èkó nínú. Láti ìgbà tí àwọn òṣèré ti ń kóra jọ sí Winis Hotel, títí dòní tí wọ́n ń ya nǹkan káàkiri láti Aguda dé Lawanson, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá ìbọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí eré bá nílò adigunjalè, wọ́n á ra ìbọn ọmọdé, wọ́n á kùn ún ní dúdú. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí owó bá wà díẹ̀, tí adarí eré sì ní dandan, ó gbọ́dọ̀ jọ tòótọ́, wọ́n á bá ọlọ́pàá kan sọ̀rọ̀, ọ̀gá á sì gbé ìbọn ìjọba wá. Bó bá jẹ́ eré ayé àtijọ́, ọdẹ ni wọn ó ránṣẹ́ sí, kó gbé ṣakabùlà rẹ̀ wá tòun ti ẹ̀tù.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Òfin ìbọn wa, Firearms Act ti ọdún 1959, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ. Kò sí pírodúsà tó lè kó irú rẹ̀ jọ sí yàrá bí wọ́n ti ń ṣe ní Hollywood. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ìbọn lókéṣàn kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa. Ọlọ́pàá tó ń gbé tirẹ̀ wá, yíyìn ni wọ́n kọ́ ọ, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣeré.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọ̀gá á yọ magasíìnì AK rẹ̀, á fi sápò, á ní, "Kò sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́." Gbogbo èèyàn á mí kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti kọ́ọ̀kì ìbọn náà tẹ́lẹ̀, ọta kan ti kúrò nínú magasíìnì, ó ti wọnú ọ̀pá ìbọn lọ jókòó. Magasíìnì tí wọ́n yọ kò yọ tòun. Àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fa irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn sẹ́yìn, kó yọjú wo inú ihò náà, kó sì ti ìka bọ̀ ọ́. Ta ló máa ń rántí ìyẹn láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, nígbà tílẹ̀ ń ṣú lọ tí síìnì mẹ́rin ṣì kù?

Àwọn mìíràn á ní ẹ̀tù lásán làwọn ń yìn, kò sí ọta níbẹ̀. Jon-Erik Hexum, òṣèré ará Amẹ́ríkà, náà rò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1984, ó fi ìbọn tí kò ní olórí ọta sí ẹ̀bátí ara rẹ̀, ó ń fi ṣàwàdà, ó sì yìn ín. Agbára ẹ̀tù nìkan ló fọ́ ọ lágbárí, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣakabùlà ọdẹ kò yàtọ̀. Àkísà tí wọ́n fi ki ẹ̀tù mọ́nú rẹ̀ kì í ṣe ọta lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá gbé e jáde, ojú tó bá bá nítòsí kò ní mọ̀ pé àkísà ni. Ti Brandon Lee, ọmọ Bruce Lee tí gbogbo wa ń wò ní kékeré, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1993, níbi tó ti ń ya fíìmù ní Wilmington ní Amẹ́ríkà, olórí ọta kan ti há sínú ọ̀pá ìbọn látìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ẹnikẹ́ni ò sì wò ó. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹ̀tù lásán yìn ín, ẹ̀tù yẹn ló ti olórí ọta náà jáde wọ̀ ọ́ nínú. Ìjọba ò fẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ò ì tíì pé lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2021, tí ìbọn tó wà lọ́wọ́ òṣèré Alec Baldwin pa Halyna Hutchins, obìnrin tó ń darí kámẹ́rà fíìmù Rust ní New Mexico. Ọta gidi ló wà nínú ìbọn tí wọ́n sọ fún un pé kò ní nǹkan nínú. Ìbọn ti ṣèèṣì dún níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Àwọn oníkámẹ́rà ti bínú kúrò níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Hannah Gutierrez-Reed, ọmọdébìnrin tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ìbọn, tí wọ́n sì tún gbé iṣẹ́ mìíràn lé lórí, ni wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n oṣù 18. Dave Halls, igbákejì adarí eré, gba ìdájọ́ àmójútó oṣù mẹ́fà láìrí inú ẹ̀wọ̀n. Adájọ́ da ẹjọ́ Baldwin nù ní oṣù keje ọdún 2024 nítorí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi ẹ̀rí pamọ́.

Ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ló ń dùn mí. Baldwin wà lára àwọn pírodúsà fíìmù náà, ṣùgbọ́n adájọ́ ní kí wọ́n má mẹ́nu ba ìyẹn níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òṣèré gba ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ta ló gba ọmọdébìnrin kan sí iṣẹ́ èèyàn méjì? Ta ló gbọ́ pé ìbọn ti dún láìròtẹ́lẹ̀, tó ní kí iṣẹ́ máa lọ? Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní New Mexico ló ka ọ̀rọ̀ náà sí ilé iṣẹ́ fíìmù lọ́rùn: owó ìtanràn 136,793 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún un.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024, ọkọ̀ ojú omi dojú dé lórí Odò Ọya, wọ́n ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ fíìmù. Òṣèré Junior Pope kú síbẹ̀, òun àti èèyàn mẹ́rin mìíràn, márùn-ún lápapọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Omi ló pa wọ́n lóòótọ́, kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni. Ó di ẹ̀yìn ikú kí ẹgbẹ́ òṣèré AGN tó fòfin de yíya eré lójú omi, ó sì di ẹ̀yìn ikú kí àwọn kan tó máa pariwo ẹbọra odò. A fẹ́ràn kí a máa ka irú èyí sí àyànmọ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè mú àyànmọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Òfin kò sọ pé àyànmọ́ ni. Criminal Code, tí a jọ ń lò kí Èkó tó kọ tirẹ̀ ní 2011, gbà nínú abala 24 pé ẹni tí nǹkan ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó yọ àìbìkítà kúrò níbẹ̀. Abala 304 ní ẹni tí ohun eléwu bá wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ kó má pa ẹlòmíràn lára. Ìbọn tí ìwọ pírodúsà fowó rẹ gbé wá, ìkáwọ́ ta ló wà bí kì í bá ṣe tìrẹ?

Wọ́n á ní owó ò sí. Irọ́ ni. A Tribe Called Judah, eré Funke Akindele tó jáde ní 2023, tí ìdigunjalè sì wà láàárín rẹ̀, pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mò ń bèèrè kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan lókéṣàn: ìbọn rọ́bà, àti ọmọ kan tó máa fi kọ̀ǹpútà lẹ iná àti ìró mọ́ ọn. Ọjọ́ kejì ikú Hutchins làwọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n The Rookie ní Amẹ́ríkà kéde pé ìbọn tòótọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ibi iṣẹ́ wọn mọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń wò ó.

Ìbọn rọ́bà náà ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ àwọn onísíkíìtì. Ẹni tó bá fa ìbọn dúdú yọ láìkéde ní Ìdí-Òrò tàbí Ọlọ́ṣà ní Mushin ń wá ẹ̀mí ara rẹ̀. Bí àwọn ọmọ àdúgbò ò bá sùn ún níná, ọlọ́pàá tó ń kọjá lè yìn ín lu. Kí DPO mọ̀, kí ará àdúgbò mọ̀, kó tó di pé kámẹ́rà ṣí. Ní 2022, Usman Alkali Baba tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá nígbà náà kìlọ̀ fún àwọn onífíìmù àti onísíkíìtì pé kí wọ́n yé wọ aṣọ ọlọ́pàá láìgbàṣẹ. Ó dáa. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ìbọn ìjọba lọ sí lókéṣàn ńkọ́?

Èkó ní Lagos State Safety Commission, tí òfin ọdún 2011 dá sílẹ̀. Kí wọ́n wá sí Surulere. Kí TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn onítíátà àti onífíìmù, náà yọ orúkọ pírodúsà tó bá gbé ìbọn tòótọ́ tàbí ẹ̀tù wá síbi iṣẹ́ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́. Ìwọ òṣèré ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, tí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọn ò ní pè yín mọ́: bí wọ́n bá gbé ìbọn gidi lé ọ lọ́wọ́, gbé e sílẹ̀, kó ẹrù rẹ, kí o sì wọ mọ́tò lọ sílé.